Ta Ni Yóò Gé Koríko? Obìnrin àti Ìwé Lórí Òkè Kumaon àti Garhwal

Ní ọdún 1808, sójà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Raper wà lára àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán lọ wá orísun odò Ganges. Nígbà tí wọ́n dé Haridwar, níbi tí odò náà ti ń jáde láti àárín òkè bọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó rí ọjà kan, ó sì kọ nípa rẹ̀. Ọjà ènìyàn ni. Àwọn Gurkha láti Nepal ló ń ṣàkóso gbogbo òkè náà nígbà yẹn, àwọn ló sì ń kó ọmọ olókè wá síbẹ̀ láti tà, tọkùnrin tobìnrin, láti ọmọ ọdún 3 títí dé ẹni ọdún 30. Iye tí wọ́n ń tà wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti rupee 10, ó sì ga dé 150. Ìdílé tí kò bá rí owó ìjọba san, ọmọ ni wọ́n á fi dí i.

Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, ní 1815, Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn Gurkha lọ. Kumaon àti apá kan Garhwal bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, apá tó kù ní Garhwal sì padà di ti ọba rẹ̀, tó fi Tehri ṣe olú ìlú. Àríwá Íńdíà ni ibi tí à ń sọ yìí wà, lórí àwọn òkè Himalaya, ó bá Tibet àti Nepal pààlà. Lónìí, Uttarakhand ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí ọjà Haridwar, a ò ní torí pé amúnisìn ni wọ́n ká má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iye owó yẹn ló jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà náà. Ọjà tú, owó kò kúrò lórí ọmọbìnrin olókè. Bẹ́ẹ̀ ohun tó mú kí wọ́n máa dá owó lé e lórí, òun náà ló sé ọ̀nà iléèwé mọ́ ọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kan péré nínú ayé obìnrin náà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti jí. Á lọ pọnmi nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á gbé e gun òkè padà. Á kó ìgbẹ́ màlúù sínú apẹ̀rẹ̀, á rù ú lọ sóko, torí òun ni ajílẹ̀ wọn. Oko ibẹ̀ kì í ṣe oko tó tẹ́jú bíi tiwa. Wọ́n gé e sára òkè bí àtẹ̀gùn ni, òmíràn ò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Tó bá ti oko dé, igbó ló kàn: koríko tí ẹran máa jẹ, ewé tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ ẹran, igi ìdáná. Dòjé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá dalẹ́, ọkà ṣì wà nílẹ̀ láti gún àti láti lọ̀, kó tó dáná. Iṣẹ́ oko kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni ohun ìtúlẹ̀ tí akọ màlúù ń fà. Èèwọ̀ ni, ọkùnrin ló ni ín. Ọkùnrin á túlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó parí. Ìyókù ọdún, tìyàwó ni.

Àwọn òyìnbó rí i. G. W. Traill, tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ Kumaon fún nǹkan bí ogún ọdún, títí di 1835, kọ ìròyìn kan nípa ilẹ̀ náà tó jáde ní 1828. Ó ní ọrùn obìnrin ni iṣẹ́ oko fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán. Ó tún mẹ́nu ba ohun kan tó ń dunni láti kà: pé àwọn obìnrin tó ń gbẹ̀mí ara wọn pọ̀ lórí òkè yẹn, kì í sì í ṣe pé wọ́n dáràn kan tó tóbi, ayé ló sú wọn. Àwọn òyìnbó mìíràn tó gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀ ò mọ èyí tí wọn ì bá sọ. Lójú kan, wọ́n ń yin obìnrin olókè pé kì í gbé ẹ̀hà bí obìnrin pẹ̀tẹ́lẹ̀, pé kì í fi aṣọ bojú, pé ó ń lọ sọ́jà, ó ń lọ síbi ọdún, ó ń kọrin lójú agbo. Lójú kejì ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń lò ó bí ẹran arẹrù. Òótọ́ ni méjèèjì.

Kí ló wá yani lẹ́nu tí bàbá ọmọ bá ń gbowó kó tó fọmọ fọ́kọ? Ọwọ́ méjì tó lágbára ló ń kúrò lóko rẹ̀ lọ soko ẹlòmíràn. Àwọn Khas, tí wọ́n pọ̀ jù lórí òkè náà, owó orí ìyàwó ni wọ́n ń san. Àwọn ìdílé Brahmin ńlá, tí wọ́n ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni baba ńlá àwọn ti wá, kì í gbà á. Ní tiwọn, ẹ̀bùn ni ọmọbìnrin, bàbá tó bá gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀bùn ti ba èrè ọ̀run rẹ̀ jẹ́. Obìnrin ilé Brahmin kì í sì í ṣe iṣẹ́ oko bíi ti obìnrin Khas. Bí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ lè rò pé ó sàn kéèyàn jẹ́ obìnrin ilé Brahmin. Ẹ ní sùúrù ná.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ mọ òfin tí àwọn olókè ń tẹ̀ lé nínú ìgbéyàwó àti ogún jíjẹ, Panna Lall, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ní kó lọ wádìí rẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1921. Ní 1929, L. D. Joshi náà tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí òfin ìdílé àwọn Khas. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí la ti bá ọ̀rọ̀ kan pàdé: dhanti. Dhanti ni obìnrin tó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ àkọ́kọ́, tàbí opó, tó lọ bá ọkùnrin mìíràn gbé láìsí ètò ẹ̀sìn kankan. Ọkọ tuntun á dá owó ọkọ àtijọ́ padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó ń lé e kúrò nílùú, ọmọ tó bá sì bí síbẹ̀ ń jogún bàbá rẹ̀. Bí ọkọ bá kú, àbúrò ọkọ lè ṣú u lópó. Bí kò bá fẹ́ àbúrò ọkọ, ó lè jókòó sínú ilé olóògbé kó mú ọkùnrin wá bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Tekwa ni wọ́n ń pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, obìnrin tí wọ́n fowó gbé yìí ní ilẹ̀kùn tó lè gbà jáde. Ọmọ Brahmin tí bàbá rẹ̀ fi tọrẹ kò ní. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá kú, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, opó ló máa jẹ́ títí tí yóò fi kú.

Ẹni tó bá mọ ìtàn kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ nílẹ̀ wa nígbà òyìnbó á rántí bí àwọn obìnrin ṣe ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti dá owó orí ọkọ àkọ́kọ́ padà. Ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí wa rárá. Owó tí wọ́n fi dè ọ́ náà ni wọ́n á fi tú ọ. A ò sọ pé owó orí dára o. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ mọ ipò obìnrin láwùjọ kò gbọdọ̀ wo orúkọ tí àṣà ń jẹ́ nìkan, kó wo ibi tó ń já sí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwé.

Tí ẹ bá dé orí òkè wọ̀nyẹn lónìí, iléèwé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Woodstock ní Mussoorie, 1854, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ fún. All Saints' ní Nainital, 1869, tọmọbìnrin ni òun náà. Àmọ́ ọmọ òyìnbó ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ wọn. Ooru pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń pa àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sọ Mussoorie àti Nainital di ìlú ìsinmi orí òkè, wọ́n kó ìyàwó àtọmọ wọn lọ síbẹ̀. Ọmọ olókè tó bá dé ẹnu géètì irú iléèwé bẹ́ẹ̀, ẹrù igi ìdáná ló gbé wá. Òótọ́ ni pé ní ọdún 1854 yẹn gan-an, ìwé àṣẹ kan ti London dé pé kí ìjọba Íńdíà máa ran ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin lọ́wọ́. Ọ̀nà jìn láti London dé abúlé tó wà lẹ́yìn Almora. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Íńdíà ní 1901, nínú 100 obìnrin, kò tó ẹnì kan tó mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Àwọn míṣọ́n ló kọ́kọ́ gbìyànjú fún ọmọ onílẹ̀. J. H. Budden ti London Missionary Society dé Almora ní 1850, ó dá iléèwé ọmọkùnrin sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó bí sì ṣiṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin lórí òkè náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì láti Amẹ́ríkà dé Nainital ní bí 1858. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ta ni yóò wá? Àwọn Brahmin ń bẹ̀rù pé ìjẹun pọ̀ á sọ ọmọ àwọn di aláìmọ́. Láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn ní àríwá Íńdíà nígbà náà, ìgbàgbọ́ kan wà pé ọmọbìnrin tó bá kàwé, ọkọ rẹ̀ á tètè kú. Àwọn Khas ò tiẹ̀ bẹ̀rù jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tiwọn rọrùn ju ìyẹn lọ: tó bá jókòó sí kíláàsì láti àárọ̀ di ọ̀sán, ta ni yóò gé koríko? Màlúù ò mọ ìgbà tí wọ́n ń lu aago iléèwé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ kúnnú iléèwé míṣọ́n ni àwọn tí kò sẹ́ni tó ń retí wọn lóko mọ́: ọmọ òrukàn, opó, ọmọ onígbàgbọ́. Nínú àwọn onígbàgbọ́ yìí la ti rí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Brahmin kan ní Almora, Taradutt Pant, di Kristẹni lẹ́yìn ọdún 1870, àwọn ìbátan rẹ̀ sì kà á sí òkú. Òkú yìí bí ọmọ, ọmọ náà bí ọmọ, wọ́n sì bí Irene Pant sínú ilé náà ní 1905. Ó lọ sí iléèwé Wellesley ní Nainital, ó kọjá sí Isabella Thoburn College ní Lucknow. Iléèwé yẹn, obìnrin Amẹ́ríkà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ọjà ní 1870 pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́fà péré, ọmọkùnrin kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóńdó kí ẹnikẹ́ni má bàa dà wọ́n láàmú. Irene gba oyè M.A., ó di olùkọ́ nípa ọrọ̀ ajé ní Delhi. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Liaquat Ali Khan, ó gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí, orúkọ rẹ̀ di Ra'ana. Nígbà tí Pakistan dá dúró ní 1947, ọkọ rẹ̀ ni olórí ìjọba àkọ́kọ́. Wọ́n yìnbọn pa ọkọ ní 1951, ìyàwó ò jókòó: ó di aṣojú Pakistan ní Netherlands, ó sì di gómìnà Sindh ní 1973, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ gómìnà ní orílẹ̀-èdè náà.

Ìtàn náà dùn, àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó gbà kó tó ṣẹ. Bàbá àgbà ní láti kú lójú ìran rẹ̀, ìdílé ní láti kúrò lábẹ́ òfin òkè tán pátápátá, ọmọ náà sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìwé mú un kúrò níbẹ̀ ni. Àwọn tó kù nílé, dòjé ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹrù wọn sì ń pọ̀ sí i ni, kì í ṣe pé ó ń fúyẹ́. Ohun méjì ni Gẹ̀ẹ́sì fi kún un. Èkíní ni igbó ọba. Láàárín 1911 sí 1917, ìjọba fa ààlà yí igbó tó pọ̀ gan-an ká, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Igi páìnì ni ìjọba ń fẹ́, torí oje rẹ̀ àti pákó tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Igi oak ni obìnrin ń fẹ́: ewé rẹ̀ ni ẹran ń jẹ, igi rẹ̀ ń jó dáadáa, ibi tó bá sì wà, omi kì í tètè gbẹ níbẹ̀. Ibi tí obìnrin ti ń ṣẹ́ igi láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó ti dúró síbẹ̀. Ó di kó máa rìn jìnnà sí i, wákàtí tó ń ná lójú ọ̀nà ń gùn sí i. Kò sẹ́ni tó ka wákàtí wọ̀nyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni àkókò tí ọmọbìnrin ì bá fi wọ kíláàsì ń bá lọ, torí bí ìyá bá pẹ́ nígbó, ọmọ obìnrin ló máa gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n. Ní 1921, àwọn olókè tiná bọ igbó páìnì káàkiri Kumaon. Oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, lọ́jọ́ ọdún Uttarayani ní Bageshwar, àwọn olórí abúlé da ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ń fipá kó ṣiṣẹ́ ọba sínú omi, níbi tí odò méjì ti pàdé. Iṣẹ́ ipá yẹn, tí wọ́n fi ń ru ẹrù òyìnbó láti abúlé dé abúlé, parí síbẹ̀. Orúkọ ọkùnrin ló wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá kó ọkùnrin lọ, ẹ mọ ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ mọ́ tiẹ̀.

Èkejì ni iṣẹ́ ológun. Ilẹ̀ òkè kò mú oúnjẹ tó, Gẹ̀ẹ́sì sì rí i pé ọmọ olókè ṣe é fi jagun. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Garhwal sílẹ̀ ní 1887. Láti ìgbà náà, ọkùnrin á lọ, owó á máa ti ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ Garhwal wà ní ilẹ̀ Faransé nínú ẹrọ̀fọ̀ àti òtútù. Darwan Singh Negi gba àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross níbẹ̀ fún ìjà oṣù Kọkànlá ọdún 1914, ó wà lára àwọn ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ ní Garhwal ni pé nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ló fẹ́, iléèwé ló ní kí wọ́n kọ́ sí Karnaprayag nílé. Ìtàn tó wú ni lórí ni. Ṣùgbọ́n nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, a ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọmọbìnrin.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1915, ọmọ Garhwal mìíràn, Gabar Singh Negi, kú sójú ogun ní Neuve Chapelle. Wọ́n fún un ní Victoria Cross lẹ́yìn ikú. Satoori Devi, ìyàwó rẹ̀, ọmọdé ṣì ni nígbà náà. Kò lọ́kọ mìíràn mọ́. Ó fi àmì ẹ̀yẹ yẹn há aṣọ rẹ̀ láyà, ó ń wọ̀ ọ́ kiri abúlé, àwọn sójà tó bá pàdé rẹ̀ á sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Ohun tó lé ní 60 ọdún ló fi gbé bẹ́ẹ̀. A máa ń ronú nípa obìnrin yìí. Bóyá kò sí obìnrin olókè kankan nígbà ayé rẹ̀ tí ipò rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ipò náà sì jẹ́ ti òkú ọkọ rẹ̀.

Lẹ́tà náà ń wá láti ojú ogun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń yẹ lẹ́tà àwọn ọmọ ogun Íńdíà wò ní Faransé ṣe àdàkọ ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó wà nílẹ̀ títí dòní. Nínú wọn, àwọn sójà kan ń sọ fún ará ilé pé àwọn rí obìnrin Faransé tó ń kàwé, tó ń ṣírò owó, tó ń bójú tó oko àti ìsọ̀ nígbà tí ọkọ wà lójú ogun, pé kí wọ́n fi ọmọbìnrin síwèé. Ọkùnrin ló máa ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ síta nílé. Ìyàwó ń gé koríko, ẹlòmíràn á ka ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ fún un tó bá dé, bó bá sì wu ẹni náà, kó fo ibi tó bá fẹ́ fò.

Láàárín àkókò yìí ni àtúnṣe gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ní Almora, Nainital àti Pauri dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ ìwé ìròyìn. Wọ́n gbógun ti iṣẹ́ ipá, wọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n gbógun ti àṣà àwọn Naik, tí wọ́n ń tọ́ ọmọbìnrin wọn dàgbà fún iṣẹ́ aṣẹ́wó. Òfin jáde ní 1929 láti dáàbò bo àwọn ọmọ náà. Wọ́n gbógun ti owó orí ìyàwó bákan náà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú. Bí ìdílé Khas bá ti ní ọmọ tó kàwé, tó rí iṣẹ́ ìjọba, tó sì ń fẹ́ kí wọ́n ka òun kún ìran tó ga, ìṣe àwọn Brahmin ló ń kọ́. Wọn ò ní gbowó orí mọ́. Opó wọn ò ní lọ́kọ mìíràn mọ́. Ọ̀rọ̀ dhanti di ohun ìtìjú. Nígbà tó yá, owó tiẹ̀ yí ojú padà: dípò kí ilé ọkọ san, ilé ìyàwó ló ń di ẹrù lé ọmọ lórí. Ilẹ̀kùn kékeré tí obìnrin Khas ń gbà jáde, àwọn tó kàwé ni wọ́n ti í, tinútinú sì ni, torí wọ́n gbà pé àwọn ń gbé obìnrin sókè ni. Àmọ́ dòjé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó gba òfin obìnrin Brahmin mọ́ iṣẹ́ obìnrin Khas.

Bishni Devi Shah mọ bí ipò opó ti rí. Ọmọ Bageshwar ni, ìwé tó kà kò pọ̀, wọ́n fi í fọ́kọ lọ́mọdé, ọkọ sì kú kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Ó yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń jà fún òmìnira. Ní 1930, ó wà lára àwọn obìnrin tó ta àsíá orílẹ̀-èdè ní Almora, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ lórí òkè náà tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí òmìnira.

Ẹni tó wá dáhùn ìbéèrè koríko yẹn gan-an, ọmọ London ni. Catherine Mary Heilman lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1901, ó wá sí Íńdíà ní 1932, Gandhi ló sì ń pè é ní Sarla Behn. Ooru àti ibà ló gbé e dé Kausani ní Kumaon ní 1941. Nígbà tí ìjà "Ẹ fi Íńdíà sílẹ̀" bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ń fẹsẹ̀ rin láti abúlé dé abúlé láti bẹ àwọn ìdílé tí ọkùnrin wọn wà lẹ́wọ̀n wò, wọ́n sì ti òun náà mọ́lé. Nínú ìrìn yẹn ló ti rí i pé àwọn obìnrin yìí ló di gbogbo òkè mú. Ní 1946, kí Gẹ̀ẹ́sì tó lọ, ó dá iléèwé ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kausani: Lakshmi Ashram.

Kò bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n jọ̀wọ́ iṣẹ́ ọmọ wọn. Ó mú iṣẹ́ náà wọ inú iléèwé ni. Àwọn ọmọ ń tọ́jú màlúù, wọ́n ń gbin oko, wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń ran òwú, wọ́n sì ń kàwé láàárín rẹ̀. Ìlànà Gandhi ni, pé ọwọ́ àti orí ni kó jọ kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan lè sọ pé irú ìwé wo nìyẹn, pé ṣé torí kọ́mọ wọn lè tún gé koríko ni wọ́n ṣe rán an níwèé. Àwa náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé tí wọ́n ti fojú ẹran arẹrù wo ẹni tó ń gé koríko, kí olùkọ́ òyìnbó mú dòjé kó bá ọ lọ sígbó, kẹ́ ẹ padà wá ṣírò pọ̀, kò kéré. Kò sì sí èyí tó ní láti kú lójú ìran rẹ̀ kó tó kàwé.

Vimla Nautiyal jáde níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé láàárín òun àti Sunderlal Bahuguna, ọ̀dọ́ olóṣèlú kan láti Tehri, ó ní òun fara mọ́ ọn, àmọ́ kó fi òṣèlú ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì lọ máa gbé abúlé láti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ará ibẹ̀. Ọkọ gbà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1956, wọ́n sì kọ́ ibùdó sí Silyara. Ẹ rántí iye tí wọ́n ń san lórí ọmọbìnrin lórí òkè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, kẹ́ ẹ wá wo èyí tó jẹ́ pé ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ló dá iye tí ọkọ máa san.

Vimla àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn obìnrin jọ lòdì sí ilé ọtí, lẹ́yìn náà lórí ọ̀rọ̀ igbó, torí òmìnira dé, igbó ọba ò kúrò. Ìjọba Íńdíà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1974, wọ́n ti fọgbọ́n pe àwọn ọkùnrin abúlé Reni, lókè lọ́hùn-ún lẹ́bàá ààlà Tibet, lọ sí Chamoli pé kí wọ́n wá gba owó tí ìjọba jẹ wọ́n lórí ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe lọ tán ni àwọn agégi dé láti gé igi tó lé ní 2,000. Ọmọbìnrin kékeré kan rí wọn, ó sáré lọ sọ fún Gaura Devi, opó kan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin abúlé náà. Ó kó àwọn obìnrin abúlé náà jọ, wọ́n wọ igbó, wọ́n sì dúró láàárín àáké àti igi títí àwọn agégi fi padà. Wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n sì fòfin de igi gígé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, nǹkan bí 70 nínú 100 obìnrin Uttarakhand ló mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ti ọkùnrin sì jẹ́ 87. Gaura Devi kú ní 1991. Kò wọ iléèwé rí.